Bí mo ṣe ṣí ọ̀dà kúrò lára táìlì alápatà àtijọ́

Àǹtí mi gba ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ máa dirun níbẹ̀. Ọ̀dà dúdú ara ògiri kúkúrú abẹ́ fèrèsé ti ń bó, táìlì aláwọ̀ ewé sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un kùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ná, torí irin gbọọrọ tí alápatà fi ń so ẹran kọ́ ṣì wà lókè fèrèsé.

Irú ṣọ́ọ̀bù alápatà onítáìlì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹran tí wọ́n mú dì bíi yìnyín wà lára ohun tó fà á: ọkọ̀ òkun Strathleven gbé e dé láti Ọsirélíà ní 1880, Dunedin gbé ti New Zealand dé ní 1882. Bí ẹran ṣe pọ̀ tí kò sì wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ alápatà bíi Eastmans àti James Nelson ń ṣí ẹ̀ka káàkiri. Oníbàárà gbọ́dọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù mọ̀ lókèèrè, kó sì gbà pé ibẹ̀ mọ́. Táìlì ṣe méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá kì í wọ inú rẹ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ ti tó o.

Mo kọ́kọ́ bi káńsù bóyá ilé náà wà lára èyí tí ìjọba ń dáàbò bò, torí bó bá wà níbẹ̀, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Kò sí níbẹ̀. Onílé náà gbà. Mo wá ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀dà wò: òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀dà náà. Ìyẹn ni pé kò sí fífi pépà oníyanrìn ha á ní gbígbẹ, kò sí fífi iná yọ́ ọ. Mo bo imú, mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa tutù.

Kẹ́míkà ìyọ̀dà tí kò ní ásíìdì ni mo lò. Mo dán an wò ní igun kan, kí n tó wá fi sí gbogbo ara rẹ̀ nípọn, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀dà náà ti wú, mo ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ oníke ká a. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án o! Bí dídán orí táìlì bá ti ha, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa fa ìdọ̀tí mu títí láé. Pákò tí mo rà ní Peckham ni mo gbẹ́ lẹ́nu tí mo fi tọ àárín àwọn táìlì náà.

Ìwo kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ojú, pẹ̀lú ẹ̀kán funfun kékeré tí ayàwòrán fi sínú ẹyinjú. Orí màlúù! Ti àgùntàn wà lápá kejì. Ẹni tó yà wọ́n mọ màlúù dáadáa; àgùntàn rẹ̀, ojú èèyàn ló ní.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó pé, kó lọ sí gbọ̀ngàn tó jẹ́ ti ẹran tẹ́lẹ̀ ní Harrods, ilé ìtajà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. W. J. Neatby ló ya ọnà ibẹ̀ ní 1902, ilé iṣẹ́ Doulton ló ṣe táìlì rẹ̀. Ti olówó nìyẹn, ti àdúgbò ló wù mí jù.

Àǹtí dé, wọ́n wò ó títí. “Orí màlúù níwájú ilé ìdirun? Ṣé wọn ò ní máa wá bèèrè ṣàkì lọ́wọ́ mi báyìí?” Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní pátákó orúkọ wọn gbọ́dọ̀ tóbi ju màlúù náà lọ.