Bí A Ṣe Ń Sin Ẹja Àrọ̀ Kí Ó Lè Tóbi

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń sin àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé a máa di ẹ̀bi ru oúnjẹ bí ẹja wọn kò bá tóbi, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí i tí iṣẹ́ náà ń bàjẹ́ jù lọ ni ṣíṣa ẹja, ìyẹn yíya ńlá kúrò lára kékeré.

Kí omi adágún jìn tó mítà 1, kí ọmọ ẹja má sì ju 5 lọ sí mítà kan ní ìbú àti òró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn wá léfòó lórí omi fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

Àrọ̀ a máa jẹ àrọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹja tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà yóò ti tóbi ní ìlọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Nítorí pé èyí tí a gbé mì kì í léfòó, ẹni tí ó ni ín kò ní rí òkú kankan, yóò máa fura sí olè tàbí ẹyẹ títí di ọjọ́ tí yóò kó ẹja tí yóò sì rí i pé púpọ̀ ti pòórá. Àwọn kékeré tí ó ṣẹ́kù pàápàá kò ní dàgbà, torí pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ oúnjẹ.

Ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù 2 àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí àrọ̀ tí ó yó a máa bì bí a bá gbé e, ó sì lè kú. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ ti bu omi adágún náà gan-an sínú bẹ́síìnì mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tí ẹ ó fi bò wọ́n, torí àrọ̀ a máa fò jáde. Agbọ̀n rọ́bà oníhò tí a fi ń kó tòmátì tẹ́ mi lọ́rùn ju àwo ìṣaja olówó gọbọi lọ: ẹ rì í sínú omi, ẹ da ẹja sí i, kékeré yóò gba ihò jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi eérú tàbí iyanrìn pa ọwọ́ kí ẹja má baà yọ̀ bọ́. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀ ni ààbò rẹ̀, ibi tí ìyẹn bá sì ti bó ni àrùn yóò gbà wọlé. Ọwọ́ tútù ni kí ẹ fi mú un. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn, irú èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ kan omi yín rárá, nítorí oògùn ara rẹ̀ a máa pa ẹja.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta tí ẹ bá ṣà wọ́n, ẹ ta àwọn tí ó kéré jù. Owó oúnjẹ wọn kò ní padà wá.

Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni oúnjẹ, ní igun kan náà; bí wọn kò bá sáré sí i mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá yọ orí sókè tí wọ́n ń yanu, ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja tí ó ju kílò 1 lọ ní láti tún dín iye wọn kù ní oṣù kẹrin.