Ife zobo dà sínú kọ̀ǹpútà mi: ohun tí mo ṣe tó fi jí

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, láàárín ìgbà ọyẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sángo, n'Ìbàdàn, mò ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, jókòó tì mí, ó gbé ife zobo tútù lọ́wọ́. Ó ní kóun fa ìwé kan lórí tábìlì, ìgbúnwọ́ rẹ̀ gbá ife náà, ife dojú dé. Ì bá ṣe orí mọ́nítọ̀ ló dà sí, ì bá sàn. Orí àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU ló dà sí. Tèmi ní ojú wẹ́wẹ́ lókè bí ajọ̀, kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ibẹ̀ náà ni zobo gbà wọlé.

Mo sáré pa súkèètì ara ògiri. Iná rẹ̀ kú, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò kú. UPS bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bó ṣe máa ń ké tí NEPA bá mú iná lọ. Bátìrì inú rẹ̀ ló ń gbé iná lọ fún kọ̀ǹpútà tí zobo ń ṣàn nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní UPS tàbí íńfátà nílé, ẹ fi apá yìí sọ́kàn: pípa iná ògiri kò tó. Mo wo ọwọ́ mi, ó gbẹ, mo nà án sẹ́yìn, mo fa wáyà dúdú tó nípọn yẹn yọ kúrò lẹ́yìn CPU fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fáànù tó dákẹ́.

Ọmọ náà ti ń sunkún. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Mo ní kó lọ bá mi mú ìwé ìròyìn àtijọ́ wá, kó lè rí nǹkan ṣe.

Láti bí ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti rí kọ̀ǹpútà bíi mẹ́ta tí nǹkan dà sí, tí wọn kò sì jí mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ni ín ló sáré tàn án wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Iná tó bá gba inú omi kọjá síbi tí kò yẹ kó dé ni í jó nǹkan inú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú CPU tí gbogbo nǹkan so mọ́. Bọ́ọ̀dù tí kò sí iná lára rẹ̀ ṣe é fọ̀. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n gan-an, wọ́n máa ń fọ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó gbogbo nǹkan mọ́ ọn lára tán. Nítorí náà, mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn pariwo tó, n kò ní fi iná kan kọ̀ǹpútà yẹn kó tó di ọjọ́ Ajé.

Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà, mo dì í mú, mo ka oókan dé ogún. Kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, àmọ́ ìwọ̀nba iná máa ń ṣẹ́ kù sára bọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì tí a tẹ̀ yẹn ló ń fà á tán. Mo tú nọ́ọ̀tì méjì ẹ̀yìn, mo fa ìdérí ẹ̀gbẹ́ kúrò. Àmì pupa ti ṣàn láti òkè wá sílẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí RAM wà (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́), ó sì kóra jọ sí ìdí ihò RAM àkọ́kọ́. Òmíràn ti gba iwájú lọ síbi ihò USB méjì tí àwọn oníbàárà máa ń ki fíláàṣì bọ̀. Hard disk, ibi tí fáìlì ń gbé, wà nínú àgò rẹ̀ ní tirẹ̀, ó gbẹ fúrúfúrú. Mo dúpẹ́.

Tí a bá gbé CPU sílẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tó ṣí yẹn kọjú sókè, orí bọ́ọ̀dù ni omi máa dúró sí. Mo yí i padà, mo dojú ẹ̀gbẹ́ tó ṣí dé, mo fi ìwé ńlá méjì gbé e sókè kúrò nílẹ̀, ìwé ìròyìn wà lábẹ́. Zobo ń kán sórí ìwé, tó, tó, tó, àmì pupa roboto roboto. A jọ jókòó tì í, èmi àti ọmọ náà, títí tí kò fi kán mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fi fóònù ya àwòrán inú rẹ̀. Gbogbo ibi tí wáyà wọ̀ ni mo yà, pàápàá àwọn wáyà tín-ín-rín tó wá láti iwájú, tí wọ́n kọ POWER SW àti HDD LED sí lára. Àwọn yẹn ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu jù nígbà tí a bá fẹ́ dá wọn padà. Mo fọwọ́ kan irin àpótí náà kí iná ara mi lè lọ, torí ìgbà ọyẹ́ ara èèyàn máa ń ta bí iná, mo wá yọ RAM méjèèjì, hard disk, àti bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, èyí tí wọ́n ń pè ní CR2032.

Ká ní omi lásán ni, màá kàn jẹ́ kó gbẹ. Zobo le ju omi lọ. Ìṣápá kan, kíkan rẹ̀ a máa jẹ irin, ṣúgà inú rẹ̀ a sì máa lẹ̀. Omi á gbẹ lọ, ṣúgà á dúró, á tún máa fa ọ̀rinrin mọ́ra lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, nígbà tí èèyàn bá ti gbàgbé. Ìyẹn ni ìrẹsì tí wọ́n máa ń ní ká kì í sí kò fi wúlò. Ìrẹsì kò lè fọ ṣúgà, eruku rẹ̀ á sì tún kún ihò.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Zobo ló dà sínú CPU mi. Ṣé mo lè lo sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì?"

"Àbúrò, má lo ìyẹn. Omi àti àwọ̀ wà nínú rẹ̀, á fi nǹkan sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Isopropyl ni kí o lò, irú sípírítì mìíràn tó mọ́ ni." Ó gbé ìgò kan fún mi, wọ́n kọ 99% sí i lára. "Má tan àbẹ́là sítòsí o. Ṣí fèrèsé, kí o sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà."

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó rọ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú isopropyl, mo ń fọ̀ ọ́ láti òkè sísàlẹ̀, mo ń fi aṣọ funfun tí kì í yọ òwú nù ún. Aṣọ náà kọ́kọ́ pupa, ó wá di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà ẹ̀kẹrin ó funfun. Inú ihò RAM ló gbà mí lákòókò jù, torí búrọ́ọ̀ṣì kò wọlé dáadáa. Mo fi irun búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ tí mo gé so mọ́ orí igi ìṣáná fọ̀ ọ́. Ìdí RAM fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń dán bí wúrà, mo fi rọ́bà táwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ nù ún jẹ́jẹ́. Kíbọ́ọ̀dù náà mu díẹ̀, mo fọ̀ ọ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo ra òmíràn.

Power pack, àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo inú CPU, nìkan ni n kò tú. Nǹkan wà nínú rẹ̀ tó máa ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà, ó sì lè gbá èèyàn lulẹ̀. Mo kàn fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wò ó láti ojú fáànù. Ó gbẹ. Ká ní mo rí pupa níbẹ̀, òmíràn ni màá rà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo gbé hard disk lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń tún fóònù ṣe, a fi wáyà SATA sí USB (èyí tó ń so hard disk mọ́ ihò USB) so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Disk ńlá inú CPU nílò iná 12V tirẹ̀ lọ́tọ̀, iná USB nìkan kò lè gbé e, torí náà ẹ rí i pé wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ lò ní adáptọ̀ tirẹ̀. Fáìlì gbogbo pé. A kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí fíláàṣì, mo sì lọ parí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn mi balẹ̀ láti dúró. Mo tan fáànù ilẹ̀ sí CPU tó ṣí sílẹ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, atẹ́gùn ọyẹ́ sì bá mi ṣe ìyókù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, power pack ni mo kọ́kọ́ dán wò, lóun nìkan, láìso ó mọ́ nǹkan kan. Mo tẹ̀ irin tí a fi ń di ìwé pọ̀, mo fi so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú kan ní ẹnu wáyà ńlá oníhò 24, mo wá ki í sí iná. Fáànù rẹ̀ yí. Ẹ̀gbọ́n yá mi ní mítà: wáyà yẹ́lò gbé fólítì 12.1, pupa gbé 5.06, èyí tó dà bí ọsàn gbé 3.34. Àlàfo tí wọ́n fààyè gbà kúrò ní 12, 5 àti 3.3 jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà ara rẹ̀ dá.

Mo wá so ohun tí kò ṣeé mánìí nìkan: bọ́ọ̀dù, power pack, RAM kan. Mo tàn án. Fáànù yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mọ́nítọ̀ dúdú. Mo pa á, mo yọ wáyà, mo gbé RAM kan náà lọ sí ihò kejì. Àwòrán jáde! Ihò àkọ́kọ́, níbi tí zobo kóra jọ sí, ló ń dà mí láàmú. Mo tún fi isopropyl fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ó gbà.

Kò tí ì tán. Nígbà tí mo so gbogbo rẹ̀ padà, ó tàn, ó wá kọ ọ́ sójú pé "USB Device Over Current Status Detected", pé òun máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, ó sì kú lóòótọ́. Mo tún un tàn, ó tún kú. Mo rántí àmì pupa iwájú yẹn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò USB: nǹkan àwọ̀ ewé ti hù sára irin inú rẹ̀, ọ̀kan sì ti tẹ̀ kan èkejì. Mo fa wáyà tó lọ láti ibẹ̀ sí bọ́ọ̀dù yọ. Mo tàn án. Windows wọlé.

Àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ń ní àwọn kò fọkàn tán ibẹ̀. Aago ló padà sí ọdún 2012 nígbà tí mo yọ bátìrì pẹlẹbẹ yẹn. Mo tún déètì ṣe, wọ́n ṣí.

Ihò USB iwájú kò jí, n kò sì fẹ́ dá wáyà rẹ̀ padà. Mo fi sẹ́lótéèpù bo méjèèjì kí oníbàárà má baà ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ilé ìwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú wò ó. "Àǹtí mi, ṣé ó ti gbádùn?" Mo pè é wá, mo jẹ́ kó tẹ orúkọ ara rẹ̀.