Má Tíì Da Oògùn Sí I: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Aràn Pẹlẹbẹ Nínú Táńkì Iyùn

Ohun pupa rúsúrúsú kan lẹ̀ mọ́ iyanrìn táńkì omi iyọ̀ tí ẹ ti ń sin iyùn (iyùn abẹ̀mí inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn). Kò gùn ju mìlímítà mélòó kan lọ, ìdí rẹ̀ sì yà sí mẹ́ta. Ẹ ní kò ṣe nǹkan. Kó tó di oṣù méjì, aràn yẹn ti pọ̀, wọ́n ti tẹ́ sórí òkúta bí ẹní, iyùn kò sì ṣí mọ́. Ìgbà yẹn lojú á wá kán èèyàn, á sáré ra oògùn, á dà á sómi lálẹ́, á lọ sùn. Èmi náà ṣe é rí. Nínú ẹja márùn-ún, méjì ni mo bá láàyè láàárọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé oògùn ló pa wọ́n. Àṣé ara aràn yẹn gan-an ni májèlé wà. Convolutriloba ni wọ́n ń pè é (àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò láàárín aràn pẹlẹbẹ gidi, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá àwa ọlọ́sìn iyùn jà lórí ìyẹn?). Bí ẹyọ kan bá kú, kò séwu. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá kú lóru ọjọ́ kan nínú omi tí kò ríbi ṣàn lọ, májèlé wọn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ dín wọn kù kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn. Ewéko tíntìntín ń gbé nínú ara wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gun orí iyùn, tí wọ́n ń ṣíji bò ó. Bí iná bá ti wà ní títàn, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n jáde, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá máa lo oògùn bíi Flatworm eXit, kó jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ò ní jáde. Ẹ ti po omi iyọ̀ tuntun sílẹ̀, kí èédú tó ń fa májèlé wà nítòsí. Bí wọ́n bá ti ń já bọ́ ni kí ẹ máa fà wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ ki èédú bọ̀ ọ́.

Àwọn funfun kéékèèké tó ń rìn lára gíláàsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kì í yọ iyùn lẹ́nu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Aràn tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù kì í fara hàn. Ọdún 2011 làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ, Prosthiostomum acroporae sì ni wọ́n ń pè é báyìí. Acropora, irú iyùn kan tó máa ń ya ẹ̀ka, ló ń jẹ, àwọ̀ Acropora náà ló sì ń gbé wọ̀. Ẹ ó kàn rí i pé àwọ̀ iyùn yín ń ṣá, tó sì ní àmì róbótó róbótó tó funfun lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí iná padà, wọ́n á máa yẹ omi wò láràárọ̀, wọ́n á máa dá kálísíọ́ọ̀mù inú omi lẹ́bi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn Òyìnbó fi ń da ọ̀rá sórí tòlótòló, ẹ fi fọ́n omi lu iyùn náà gbà-gbà-gbà. Bí aràn bá wà níbẹ̀, á fò dànù.

Ìdí iyùn yẹn náà ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí, lórí egungun tí ẹran ti kúrò lára rẹ̀. Ibí yìí lẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá ti ń ṣubú: á ri iyùn tuntun sínú oògùn lẹ́ẹ̀kan, á rí òkú aràn nísàlẹ̀ ike, inú á dùn. Oògùn kò wọ inú ẹyin. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin tó pa, bí omi bá sì tutù, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé iyùn kúrò lórí símẹ́ńtì tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ ju símẹ́ńtì náà nù, ẹ ha ẹyin tó bá kù. Kí iyùn gbé nínú táńkì ọ̀tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ máa rì í bọ oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi tí ẹ fi rì í kò gbọ́dọ̀ padà sí táńkì ńlá o.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra ẹja onílà mẹ́fà (six-line wrasse) kó máa jẹ wọ́n. Á jẹ díẹ̀. Kò ní dé ibi tí ẹyin wà.

Ní tèmi, mo máa ń yí iyùn lójú dé, kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀ kí n tó yọ owó. Ẹni tó ń tà á lè fajú ro.