Òde Àríyá Kọ́ Ni: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Lọ Gba Ìbuwọ́lù Ní Àpéjọ Àwọn Olólùfẹ́

Ẹni tí wọ́n bá bí sí Èkìtì kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lọ sí òde. A mọ̀ pé aago mẹ́wàá tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago méjìlá ni. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ olóde kì í jókòó sẹ́yìn. A sì mọ̀ pé bí òṣèré bá dé iwájú wa, owó ni a fi ń kí i. Ohun tí mo ṣàkíyèsí láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì lọ sí àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán-ìtàn, fíìmù àti géèmù ni pé ìmọ̀ òde yìí gan-an ni ó ń kó bá wọn, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé ìbuwọ́lù ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n torí rẹ̀ lọ. Ọwọ́ èmi náà kò mọ́ níbẹ̀: ó kéré tán, mo ti ṣe ìdajì nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó dé lánàá. Ti ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó sì wá síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Àwọn tí ń wá lónìí lé ní 130,000. Ní ilẹ̀ wa, Lagos Comic Con bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń fojú sùn. Àwọn ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti òṣèré máa ń jókòó sídìí tábìlì, àwọn olólùfẹ́ wọn á sì tò lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo ní wọ́n á tò.

Àṣìṣe tí ó ń ṣáájú gbogbo àṣìṣe ni kí ènìyàn kúrò nílé ní àárọ̀ ọjọ́ àpéjọ. Kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì Adó, kí ó tó gba Ìyìn àti Arámọkọ kọjá, kí ó tó já sí Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, kí ó tó wá bá súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ tí ó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà Èkó, oòrùn ti yẹ̀ lórí. Ẹni tí ó rò pé àpéjọ tí yóò parí ní ìrọ̀lẹ́ yóò dúró de òun ti gbàgbé pé wákàtí tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn sílẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí tí àlejò, ìyẹn gbajúmọ̀ tí wọ́n pè wá, fi ń buwọ́ lu ìwé. Àlejò kan lè jókòó fún wákàtí kan ṣoṣo, wọ́n sì lè ti pa ìlà rẹ̀ dé kí wákàtí náà tó pé, nítorí pé àwọn tí ó ti tò tẹ́lẹ̀ ti tó iye tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ lọ sùn sí Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tàbí àbúrò ìyá yín. Ẹ wo ètò àpéjọ náà ní alẹ́, kí ẹ sì tún un wò ní àárọ̀, torí pé ó máa ń yí padà. Ní San Diego, àwọn ìlà ìbuwọ́lù kan wà tí ó jẹ́ pé ìbò ni wọ́n máa ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò tò, nítorí náà ẹni tí kò bá ka ìlànà ṣáájú lè rìn jìnnà débẹ̀ kí ó má sì rí ohunkóhun gbà. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ dòdò Ìkirè lọ́nà, ẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ epo kan ìwé tí ẹ ń gbé lọ. Ẹ̀rí èyí wà lọ́wọ́ mi nílé.

Ọ̀rọ̀ owó tún máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ òṣèré tí wọ́n bá pè wá sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gba owó lórí ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan, owó fọ́tò sì yàtọ̀ sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi wọlé kò kó ọ̀kankan nínú méjèèjì mọ́ra. Nílé wa níhìn-ín, ayàwòrán tí ó ń ta ìwé tirẹ̀ lórí tábìlì sábà máa ń buwọ́ lu ohun tí ẹ bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lé e, torí náà kò bójú mu kí ènìyàn fojú fo ìwé rẹ̀, kí ó wá na bébà pélébé kan tí ó fà ya nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sí i. Ẹ béèrè iye tí ó jẹ́ kí ẹ tó tò, kí ẹ sì mú owó dání, nítorí pé nínú gbọ̀ngàn tí àìmọye fóònù ti ń du nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, tíránsífà lè máa yí lójú fóònù títí wọn yóò fi pa ìlà dé.

Owó tí ẹ mú dání náà, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí. Mo rí arákùnrin kan, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, tí ó dé iwájú ayàwòrán tí ó ti ń fẹ́ràn láti kékeré, tí inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fa igba-igba náírà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ayàwòrán náà sún àga sẹ́yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì mú arákùnrin wa kúrò lórí ìlà láìgba ohun tí ó bá wá. Ọ̀rọ̀ náà ju ti ìwà lọ: apá 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka níná owó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Apá kan náà ka kíkọ nǹkan sára owó mọ́ bíba owó jẹ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò mú ìwé wá, tí ó wá fa náírà yọ pé kí gbajúmọ̀ buwọ́ lù ú, ń fa ara rẹ̀ àti gbajúmọ̀ náà sínú ọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe èyí lójú mi.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ohun tí wọn yóò kọ nǹkan sí àti ohun tí wọn yóò fi kọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ti ń já sí asán. Bírò kì í mú lára fọ́tò dídán. Yóò kàn ha ojú fọ́tò náà ni, yíǹkì rẹ̀ kò sì ní jáde dáadáa. Pẹ́ẹ̀nì olómi máa ń ṣàn lára rẹ̀. Máákà tí kì í parẹ́ ni ó yẹ fún fọ́tò àti pósítà, ṣùgbọ́n máákà kan náà yóò là kọjá sí òdì kejì bí ó bá jẹ́ ojú ìwé tín-ín-rín inú ìwé ìtàn ni wọ́n fi kọ, bírò ni ó sì yẹ níbẹ̀. Bí èèpo ìwé yín bá dúdú, máákà dúdú kò ní hàn lára rẹ̀. Ẹ ra aláwọ̀ fàdákà tàbí aláwọ̀ wúrà, ẹ mì ín, kí ẹ sì ti dán an wò lára bébà mìíràn kí ẹ tó dé iwájú tábìlì, torí pé ó máa ń da yíǹkì jọ gbàù ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ ẹnu rẹ̀. Ẹ má sì gbójú lé máákà àlejò: ó lè ní i lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti fi kọ̀wé fún igba ènìyàn kí ó tó kàn yín lè ti gbẹ.

Aṣọ tún ṣòro ju ìwé lọ. Tíṣáàtì tí ó wà lọ́rùn yín máa ń fà bí máákà bá kàn án, ìbuwọ́lù á sì wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àpò, kí ẹ sì fi páálí sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn yín. Àwọn tí wọ́n mú àdìrẹ wá, ara aṣọ náà ni yóò gbé ìbuwọ́lù mì.

Ní ti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mú lọ, ojú tèmi ni pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà gan-an. Mo rí màmá àgbàlagbà kan tí ó mú ẹ̀dà Atóka àtijọ́, ìwé ìròyìn tí ó máa ń fi fọ́tò sọ eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá, lọ bá àgbà òṣèré kan tí fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá náà gbàgbé pé ìlà gùn. Ó ń ṣí ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó bínú nínú àwa tí a wà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan náà, ọmọkùnrin kan gbé pósítà fíìmù tí àlejò kò sí nínú rẹ̀ wá síwájú àlejò náà, nítorí pé ó ṣi òṣèré méjì mú fún ara wọn. Wọ́n buwọ́ lù ú fún un o, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ni ó tì.

Ìlà gan-an ni ó le jù fún àwa ará ilé. Ẹnìkan á ní kí ẹ bá òun wo àyè òun, á jáde lọ ra omi, á sì padà dé pẹ̀lú àbúrò márùn-ún. Bí orúkọ àlejò bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Fá", ẹ ó gbọ́ tí ẹlòmíràn á máa sọ pé ọmọ Èkìtì ni, ó sì yẹ kí àwọn ará ilé rẹ̀ kọ́kọ́ rí i. Ìbáà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀tùn, ẹ tò. Ẹ má sì lọ dènà dè é nídìí oúnjẹ, tàbí, ẹ forí jì mí, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní àṣìṣe tiwọn náà, èyí ni ìkíni gígùn. Dídọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbà dára ní ààfin àti nílé àna, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín ti múra bí akọni inú ìtàn, tí ó wọ ìyẹ́ páálí tí kò jẹ́ kí ó rí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá yín níbẹ̀. Ẹ tẹrí ba, ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́, sà" tàbí "Ẹ kú iṣẹ́, mà", kí ẹ sì sọ ohun kan péré nípa iṣẹ́ ẹni náà tí ó wọ̀ yín lọ́kàn. Ìṣẹ́jú kan lè má sí fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún un ní ìwé eré tí ẹ kọ pé kí ó bá yín kà á, ẹ má béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ti kọ orúkọ yín sórí bébà kékeré láti ilé, ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ kí ó kọ ọ́ sí. Lójú mi ni Àbẹ̀kẹ́ ti di "Becky", nítorí pé àlejò tí ó ti òkè òkun wá kò gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin náà sọ nínú ariwo.

Bí ẹ bá fẹ́ múra bí akọni inú ìtàn, ẹ fi páálí tàbí fóòmù ṣe idà yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá gbé àdá gidi sínú ọkọ̀ ní Adó nítorí pé ó fẹ́ ṣe jagunjagun ní Èkó yóò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe fún ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà, kódà bí ó bá tilẹ̀ débẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kí ó gbé e wọlé. Ẹni tí òun náà múra kì í ṣe ère. Ẹ béèrè kí ẹ tó yà á ní fọ́tò, ẹ má sì fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ ìlà máa ń sú, tí wọ́n á wá ra fọ́tò tí wọ́n ní gbajúmọ̀ ti buwọ́ lù lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri lẹ́nu géètì. Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ní San Diego kan náà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, tí wọ́n fi tú àṣírí àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbuwọ́lù àwọn gbajúmọ̀ eléré ìdárayá tà káàkiri Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ayédèrú lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn lọ́hùn-ún, kí ni ẹ fi gba ti alákiri gbọ́?

Àṣìṣe tí ó kù, èmi ni mo ṣe é. Bí mo ṣe gba ìbuwọ́lù mi àkọ́kọ́ sára fọ́tò dídán, mo sáré fi í sáàárín ìwé kí yíǹkì tó gbẹ, ìlàjì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ojú ìwé kejì. Èyí tí ó kù, mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Adó, mo ní kí wọ́n fi lámínéètì bò ó, bí a ti máa ń ṣe ìwé ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì, láìmọ̀ pé ooru ẹ̀rọ náà kò dára fún un àti pé ọ̀rá náà kò ṣeé ṣí mọ́ títí ayé. Mo wá gbé e kọ́ síwájú fèrèsé tí oòrùn ìyálẹ̀ta ń wọlé. Àwọn tí mo gbà lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú fáìlì, nínú dúrọ́ọ̀ tí ó jìnnà sí fèrèsé àti sí ògiri tí ó máa ń tutù lásìkò òjò, wọ́n sì mọ́ gaara. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lára ògiri ní pálọ̀. Lẹ́tà B kan ni ó kù lára rẹ̀, àwọn àlejò sì máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni.