Ìgbẹ́ Ẹgbẹ̀rún Adìẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ọ́ Di Gáàsì àti Ajílẹ̀ Títà

Adìẹ léyà (èyí tí à ń sìn fún ẹyin) kan ń yàgbẹ́ tó nǹkan bíi gíráàmù 100 lójúmọ́. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan nínú kéèjì yóò máa kó kílò 100 lójoojúmọ́, àwọn ará àdúgbò á sì máa rojọ́ eṣinṣin àti òórùn. Kílò 100 yìí la ó fi ṣe gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò tó o, kó bù ú bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó pe bíríkìlà láti kọ́ kòtò tí a dé pa, níbi tí ìgbẹ́ tí a pò mọ́ omi ti ń di gáàsì, ẹ mọ ibi tí owó wà. Kò sí nínú títa gáàsì. Gáàsì ìgbẹ́ kì í di olómi nínú sílíńdà bíi èyí tí à ń rà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ fún un mọ́ inú sílíńdà ń fi ẹ̀mí ṣeré, ohun tó sì máa rí fún kò lè se ìkòkò ẹ̀wà kan jinná. Ibi tó ti jáde ni kí ẹ ti lò ó: ẹ fi mú kí yàrá òròmọdìẹ gbóná, ẹ fi se omi tí ẹ fi ń tu ìyẹ́ adìẹ, ẹ fi yan gàrí, tàbí kí ẹ fi tan jẹnẹrétọ̀. Owó ibẹ̀ ni epo tí ẹ ò ní rà mọ́, àti ajílẹ̀.

Ìwọ̀n kòtò

Garawa ìgbẹ́ adìẹ kan, garawa omi méjì. Bí omi bá kéré sí èyí, amóníà (èròjà tó ń ta nímú) inú ìgbẹ́ adìẹ á pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì. Kílò 100 pẹ̀lú omi lítà 200 jẹ́ nǹkan bíi lítà 300 lójúmọ́. Ó yẹ kó lo 40 ọjọ́ nínú kòtò, ìyẹn lítà 12,000. Ẹ fi àyè lítà 4,000 kún un fún gáàsì, ó di 16,000.

Kílò ìgbẹ́ adìẹ kan ń mú nǹkan bíi 60 lítà gáàsì wá, nítorí náà ẹ ó máa rí tó lítà 6,000 lójúmọ́. Iná tí ẹgbẹ̀rún lítà rẹ̀ ń mú wá kò tó ti ìdajì kílò gáàsì ìdáná, ó sì lè fún yín ní iná yúnìtì kan àbọ̀ bí ẹ bá gbé e gba jẹnẹrétọ̀ kékeré. Lóṣù, ẹ fojú sọ́nà fún iná tó tó ti nǹkan bíi 80 kílò gáàsì ìdáná. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kílò kan ládùúgbò yín ṣe ìṣirò, kí ẹ wá fi wé iye tí bíríkìlà bù fún yín.

Kíkọ́ rẹ̀

Èyí tó ń pẹ́ jù ni kòtò abẹ́ ilẹ̀ tí orí rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìhà kan ni agbada tí ẹ ó ti máa po ìgbẹ́, ìhà kejì ni kòtò kékeré tí ajílẹ̀ yóò ti máa jáde, páìpù gáàsì sì wà lórí téńté. Ẹnu ibi tí ajílẹ̀ ń gbà jáde gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ agbada lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gáàsì á ti ìgbẹ́ padà sójú yín. Ẹ má gbẹ́ ẹ sí ilẹ̀ àbàtà tàbí ìdí igi ńlá, kó sì jìnnà sí kànga.

Adìẹ léyà ń jẹ ìkarahun àti yanrìn, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rì sísàlẹ̀ kòtò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ agbada dà sí ìhà tí páìpù kò sí, kí yanrìn dúró síbẹ̀, kí ẹ lè máa gbọ́n ọn dànù.

Orí kòtò ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ihò tí ojú ò rí nínú sìmẹ́ǹtì ti tó kí gáàsì fi máa lọ. Ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kun ún. Lẹ́yìn náà ẹ pọn omi kún kòtò, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fà. Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara, tí ẹ tẹ̀ bíi lẹ́tà U tí ẹ sì bu omi sí, sórí páìpù gáàsì. Afẹ́fẹ́ tó há sínú kòtò á ti omi ìhà kejì rọ́bà náà sókè: bí omi yẹn bá wálẹ̀ gan-an láàárín òru, ó ń jò. Omi ọṣẹ lẹ ó fi wá ojú ibẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná wá a.

Páìpù gáàsì gbọ́dọ̀ dà síbì kan, kí omi tó ń kóra jọ nínú rẹ̀ lè ní ibi tí ẹ ó ti máa tú u. Iná tó ń jó fìrìfìrì, tó ń kú tó tún ń tàn, omi ló fà á.

Bíbẹ̀rẹ̀

Ìgbẹ́ adìẹ nìkan kì í bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ lọ sí odò ẹran, ẹ kó bíi tọ́ọ̀nù 3 ìgbẹ́ màlúù tútù, títí kan èyí tí wọ́n tú nínú ṣàkì. Ẹ po ó mọ́ omi tó dọ́gba, kó bo ẹnu páìpù tí ìgbẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí ajílẹ̀ ń gbà jáde nínú kòtò. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gáàsì àkọ́kọ́ kì í jó, ẹ tú u dànù. Nígbà tí iná bá ń jó búlúù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbẹ́ adìẹ sí i: 20 kílò lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ máa fi 20 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi pé 100. Ìkánjú níbí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Bí òórùn bá kan, tí iná kò sì ràn mọ́, kòtò ti yó jù. Ẹ dá fífún un lóúnjẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fi bébà pH (èyí tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn) wò ó, 6.8 sí 7.5 ló dára. Bí amóníà bá ń ta yín nímú, ẹ fi omi àti ìgbẹ́ màlúù kún un. Omi Izal, omi ọṣẹ, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ń lo antibáyótíkì kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ tó ti dà pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó: á léfòó, á sì di èèpá lójú kòtò.

Ihò sítóòfù gáàsì ọjà kéré jù fún gáàsì yìí, ẹ lù ú fẹ̀ tó bíi mílímítà 2. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé gáàsì gba inú ike tó kún fún irin wẹ́wẹ́ tó ti dípẹtà. Irú èyí tó ń jábọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹ́ irin dára. Òun ló ń gba èròjà tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tó sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì run. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọnú kòtò láé, kódà bí ẹ bá ti gbọ́n ọn tán. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń pani kíákíá.

Ajílẹ̀

Lítà 300 tó wọlé, bíi 300 náà ni yóò jáde. Naitirójìn rẹ̀ ṣì pé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di amóníà, nítorí náà bí ẹ bá sá a sóòrùn, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ á fò lọ. Ẹ ta omi rẹ̀ ní tútù fún àwọn olóko ẹ̀fọ́ tó wà nítòsí, nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Kí wọ́n fi omi mẹ́ta là á, kí wọ́n dà á sí ìdí ewéko, kì í ṣe sórí ewé. Èyí tó bá ki, ẹ po ó mọ́ koríko gbígbẹ lábẹ́ ibòji fún bí oṣù kan kí ẹ tó dì í sínú àpò.

Fún oníbàárà tó bá ń ṣiyèméjì, ẹ fún un ní kẹ́ẹ̀gì kan lọ́fẹ̀ẹ́ kó dà á sí ebè kan péré, kó fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ NPK (ìwọ̀n naitirójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ̀mù inú rẹ̀) sára àpò, kó kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní IAR&T, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Òfin National Fertilizer Quality (Control) Act ti ọdún 2019 ló ń darí títa ajílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó pọ̀ lọ́jà.

Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì náà pinpin. Ó ṣì ń mú gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì lè wú kó bẹ́ sínú ọkọ̀ oníbàárà.