Bí A Ṣe Fi Etí Òkun Sílẹ̀ Tí A Sì Fẹ̀yìn Tì sí Ìdó-Èkìtì

Ní ọdún 2009, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́tàlá kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èmi àti ìyàwó mi ra púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní agbègbè Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, ní ibi tí ènìyàn ti lè gbọ́ híhó òkun bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ariwo ọkọ̀ sì ti rọlẹ̀. Òkè-Pópó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Èbúté ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, nítorí náà kò sí ìgbà kan nínú ayé mi tí omi jìnnà sí mi, mo sì ti pinnu pé etí omi náà ni n óò ti lo ìyókù ọjọ́ mi. Nígbà tí mo pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ní 2022, mo rò pé ohun tí ó kù kò ju kí n pe bíríkìlà lọ. Ó lé ní ọdún kan kí a tó mọ̀ dájú pé ibòmíràn ni a ń lọ. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí àwọn ojúgbà mi tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ti pọ̀.

Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Ọmọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ilé tí wọ́n bí i sí kò sí mọ́. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń sá ẹja nígbà náà, inú omi ni ó wà báyìí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni ìyàwó mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣe ẹni tí ń fi ariwo sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí mo gbé àwòrán ilé tí a fẹ́ kọ́ jáde, ó wò ó tán, ó ní, “Bàbá Táyé, ohùn òkun ni ẹ̀yin ń gbọ́. Èmi mọ ohun tí ó ti jẹ.” N kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo rántí Oṣù Kẹjọ 2012, nígbà tí ìgbì òkun ya wọ Kúrámọ̀ ní Èkó tí ó sì gbé ẹ̀mí àwọn ènìyàn lọ, mo sì ká àwòrán náà.

A ra ìwé àjákọ kan, a sì kọ ìbéèrè sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí àìsàn bá dé ní òru, ìṣẹ́jú mélòó ni a ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà? Níbo ni omi mímu yóò ti máa wá? Ṣé a ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a kò bá lè wa ọkọ̀ mọ́? Bí a kò bá jáde sí ìta fún ọjọ́ méjì, ta ni yóò mọ̀? Ìyàwó mi ni ó kọ èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Ní ti owó, abẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni mo wà. Ènìyàn lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ohun tí ó kó jọ, ṣùgbọ́n ìyókù gbọ́dọ̀ tó láti máa fún un ní owó lóṣooṣù, iye tí ń wọlé lóṣooṣù náà kì í sì í sáré bí ọjà ṣe ń sáré. Owó tí a bá rì mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, a kò ní rí i fi ra oògùn.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti máa ń lọ wo ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ní 2022, Oṣù Keje ni èmi àti ìyàwó mi lọ, a sì mú ẹnjiníà kan tí ó mọ iṣẹ́ ilé dání. Omi dé agbedeméjì ojúgun lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé àbàtà tí wọ́n fi iyanrìn dí ni gbogbo àyíká náà, àti pé kí ilé má bàa rì lápá kan, a ní láti tẹ́ kọnkéré kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀ láti igun dé igun, pẹ̀lú irin tí ó nípọn. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀ fún wa, owó abẹ́ ilẹ̀ nìkan tó èyí tí mo rò pé yóò gbé wa dé òrùlé. A wá ń wọ ilé àwọn aládùúgbò wò. Omi kànga ẹnìkan pupa bí ìpẹtà, ti ẹlòmíràn sì ní iyọ̀ lẹ́nu, nítorí pé omi tí kò níyọ̀ tí ó wà nínú iyanrìn etíkun, orí omi iyọ̀ ni ó léfòó sí, bí ọ̀pọ̀ ilé bá sì ti ń fà á jù, ti iyọ̀ a máa gòkè wá. Páànù òrùlé kan tí wọn kò tíì lò fún ọdún mẹ́wàá ti ń jò. Ohun tí ó dùn mí jù ni òpó ògiri ọgbà kan: afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ irin inú rẹ̀, irin tí ó dípẹtà a sì máa wú, ó sì ti la kọnkéré náà láti inú wá. Ọmọ ogójì ọdún lè máa tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Ọmọ ọgọ́rin ọdún kò lè ṣe é.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìhà ilẹ̀ òkè, kúrò létí òkun. N kò ní ìlú kankan tí mo lè padà sí ju Èkó lọ, ìyàwó mi kò sì lè padà sí tirẹ̀, nítorí náà ọwọ́ wa dilẹ̀ láti yan ìlú bí ẹni yan aṣọ. A kọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, nítorí òtútù rẹ̀ àti àwọn òkè tí ó yí i ká. Ìlú tí ó wu ojú ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ní ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n gbogbo ojúlé tí wọ́n fi hàn wá ni ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ó máa gùn, eékún mi ọ̀tún sì ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi ni ó dárúkọ Ìdó-Èkìtì. Ìlú kékeré ni, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ṣùgbọ́n Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun fi gbẹ̀bí, òun kò rí ohun tí ń pa ènìyàn bí ọ̀nà jíjìn.

A kò fẹ́ fi ìbẹ̀wò ọjọ́ kan pinnu. A gba yàrá méjì níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì 2023, àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nítorí ìgbà tí omi bá wọ́n ni ènìyàn ń mọ ìlú. Kànga inú ọgbà náà gbẹ ní ọjọ́ kẹrin. Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì wà, omi kì í sì í dúró síbẹ̀ bí kò ṣe nínú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta lórí tàbí nínú ibi tí àpáta náà bá ti sán. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi, a sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Àkókò náà ni owó bébà wọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, kò sì sí owó kankan lọ́wọ́ wa rárá ní ọjọ́ kẹta tí a dé. Ìyá tí ń ta iṣu ní ìta ilé kó iṣu márùn-ún fún wa, ó ní kí a san án nígbà tí a bá rí i san. Kò béèrè orúkọ wa. Ilé tí a wọ̀ sí nìkan ni ó béèrè. Ìyàwó mi ṣí ìwé wa sí ìbéèrè rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ó sì kọ “iṣu márùn-ún” síwájú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìparí Oṣù Keje ni a lọ. Owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní ìparí Oṣù Karùn-ún, lítà epo bẹntiróòlù sì ti fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tí ó mú kí n tún gbogbo ìṣirò jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ wa ṣe. Ìlú tí a ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi gbogbo wá níye lórí ju bí mo ti rò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí ń kà mí mọ̀ pé èyí dẹ́rù bà wá, nítorí ilé-ìwòsàn ni a torí rẹ̀ wá. A jókòó, a sì wá ọ̀nà mìíràn: a lọ wo ilé-ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú, a sì wa ọkọ̀ gba Ìfàkì àti Ìwórókò dé Adó, níbi tí ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti ti Yunifásítì Afẹ Babalọlá wà. Kò gbà wá ní wákàtí kan. Bí Ìdó kò bá ṣeé ṣe, Adó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, ọ̀nà kan náà tí ó kún fún ọkọ̀ ni ó wà lẹ́yìn ọ̀nà tí ó kún fún ọkọ̀.

Ìdánwò kan kù tí mo gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe. Ní agogo kan òru, mo jí ìyàwó mi, mo ní kí ó ṣe bí ẹni tí àyà ń dùn. A wọ ọkọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, a sì ka ìṣẹ́jú títí a fi dé ẹnu géètì ilé-ìwòsàn: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àkókò tí mo fi wá kọ́kọ́rọ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a ṣe bákan náà láti orí ilẹ̀ wa ní Èkó dé ilé-ìwòsàn ńlá tí ó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí àwa mejèèjì fọkàn tán, ó sì gbà wá ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Òru ni, kò sì sí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. A kò tún jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

A kò kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì rẹ́ ni a rà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: àlejò ni wá, nítorí náà a kò san kọ́bọ̀ kí a tó rí olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí náà lójúkojú, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà. Awọnlẹ̀ tí àwa fúnra wa mú wá tún ilẹ̀ náà wọ̀n, ó sì rí i pé ògiri ọgbà ti yà kúrò lórí ààlà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Wọ́n wó apá yẹn kí a tó sanwó. Lọ́yà wa sì lọ yẹ ìwé wò ní iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Adó, nítorí abẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ìwé ẹbí nìkan kò sì tó. Ó gba oṣù mẹ́rin. Kí a tó gbẹ́ bọ́hóòlù, a san owó fún ẹni tí ó fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, ó sì ní kí a má ṣe gbẹ́ ẹ sí iwájú ilé bí a ti fẹ́ bí kò ṣe sí ẹ̀yìn lẹ́bàá ilé ìdáná, níbi tí àpáta ti sán. Omi rẹ̀ kò tíì dá títí di òní, nínú Oṣù Kẹta pàápàá.

Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin wa tí ó wà ní Kánádà, ni ó ṣòro láti yí lọ́kàn padà. Ó ní bí òun bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ní Ìkẹjà, ṣé ọ̀nà Èkìtì ni òun yóò tún bá lọ? N kò lè parọ́ fún un; ọ̀nà náà jìn, àwọn ibi tí ó ti bàjẹ́ lórí rẹ̀ kò sì kéré, a sì ti gbà pé ọ̀sán nìkan ni a ó máa rìn ín. Ilẹ̀ Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí ni a tà láti fi parí ilé. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Kàlàbá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí pé mo ti kánjú tà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ni mo ń wá, n kì í ṣe oníṣòwò ilẹ̀.

A kó dé ní Oṣù Kìíní 2024, nínú ọyẹ́. Àárò òkun sọ mí gidigidi. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ òru a máa jí mi. Àárò ẹja tútù sọ ìyàwó mi. Èyí tí ó dé ọjà Ìdó, dídì nínú yìnyín ni tàbí yíyan, nítorí náà àbúrò rẹ̀ obìnrin a máa fi ẹja ránṣẹ́ láti Ìgbòkòdá nípasẹ̀ awakọ̀ kan, a ó sì lọ pàdé rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ní Oṣù Kọkànlá, a máa ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Àgbádárìgì. Ní ọdún tí ó kọjá, ọjọ́ karùn-ún ni ìyàwó mi ti di ẹrù rẹ̀, ó ní òjò lè ti ba ẹ̀wà tí òun sá sí ẹ̀yìnkùlé jẹ́, mo sì bá a gbé àpótí sínú ọkọ̀.