Bí mo ṣe gba wáyà sólà oko wa lẹ́nu òkété

Páànẹ́lì sólà mẹ́fà ló ń fa omi kànga oko wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ilẹ̀ la tò wọ́n sí, lórí irin tí wẹ́dà jó. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège lọ́sàn-án gangan, gíláàsì mọ́ tónítóní, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Awọ dúdú ara wáyà ti bó, bàbà ń yọjú, ojú eyín hàn níbẹ̀ ní méjì-méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré ẹsẹ̀ irin, ihò ńlá kan rèé, èèpo èkùrọ́ kún ẹnu rẹ̀. Báyìí ni ìwà rẹ, òkété!

Ebi kọ́ ló ń mú un jẹ wáyà o. Eyín iwájú àwọn eku kì í yé hù, àfi kí wọ́n máa fi gé nǹkan líle kó má baà gùn jù.

Àwọn ọmọ oko ní ká da májèlé síhò. Mo kọ̀, torí ẹni tó bá rí òkété tó kú sọ́nà lè gbé e lọ sè. Ọdẹ ló bá wa gbẹ́ ihò náà, ó gbé ẹran rẹ̀ lọ, a sì dí i.

Iṣẹ́ wáyà ló gba sùúrù. Bí o tilẹ̀ pa bírékà, bí oòrùn bá ṣì wà, iná wà lára páànẹ́lì. Mẹ́fà oní-550 wáàtì tí a so tẹ̀ léra lè gbé nǹkan bí 300 fólítì, ìyẹn sì lè pààyàn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo jẹ́ kí oníná wá. Ó pààrọ̀ wáyà náà pátá. Téèpù kì í ṣe nǹkan kan lẹ́nu eku. Ibi tí wáyà ti wọlẹ̀, inú páìpù onírin ni a tì í bọ̀, nítorí eku ń jẹ páìpù oníke náà.

Lẹ́yìn náà, nẹ́ẹ̀tì onírin yíká abẹ́. Kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì adìẹ, ojú ìyẹn fẹ̀ jù fún ọmọ eku. Ojú tiwa kò ju ààbọ̀ íńṣì lọ. A gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà kan, a sì tẹ ìdí nẹ́ẹ̀tì síta nínú ilẹ̀, kí ẹran tó bá ń walẹ̀ lára rẹ̀ bá irin pàdé. Atẹ́gùn ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, torí ooru máa ń dín agbára páànẹ́lì kù.

A ro koríko àyíká, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ìyẹn tún ń gbà wá lọ́wọ́ iná ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti màlúù tó ń fara ha irin, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló tó o.